Ọjà Ẹ̀bùn Ọlọ́jọ́ Kan: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Oṣù Kejìlá ń bọ̀, lẹ́tà tí a sì rí gbà lórí ọjà ẹ̀bùn pọ̀ ju ti orí ọ̀ràn mìíràn lọ. A mú mẹ́rin nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, mo sì máa ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́fà tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ dá ọjà ẹ̀bùn ọlọ́jọ́ kan sílẹ̀ kí ọdún Kérésì tó dé, a ó sì pe àwọn ọlọ́jà mìíràn mọ́ra. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni a ó ṣe mọ iye tí ó yẹ kí a gbà lórí ìsọ̀ kan? — Olùkọ́ tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ kú ìmúra o, Olùkọ́. Ọjà tí ó ń dìde láàárọ̀ tí ó sì ń tú lálẹ́ kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ní Ọ̀jẹ́ tí ó wà nínú ìlú yín gan-an, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún-mẹ́tàdínlógún, bí àwa Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ni àwọn aláṣọ òkè fi ń pàdé, tí wọn á kó ẹrù dé, tí wọn á tà, tí wọn á rà, tí wọn á sì palẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń rajà ni ó ya ọjà ẹ̀bùn sọ́tọ̀. Ẹni tí ó wá ra ata ti mọ ohun tí ó ń wá kí ó tó kúrò nílé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì lọ̀ ọ́ tí yóò sè é. Ẹni tí ó wá ra ẹ̀bùn kò tíì mọ ohun tí yóò rà. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ìyá ọkọ òun tàbí ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ń retí nǹkan, ẹni náà kò sì sí níbẹ̀ láti sọ bóyá ó wu òun. Iyèméjì ni ó bá a wọ ọjà. Gbogbo ètò yín, láti orí yíyan ọlọ́jà títí dé orí ọ̀rá tí ẹ ó fi di ẹrù, iyèméjì yẹn ni kí ó máa tu lójú.

Nípa ọjọ́, ẹ má sún un dé ọ̀sẹ̀ ọdún. Nígbà tí ó bá fi di ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń di ẹrù lọ sí ìlú wọn, owó ọkọ̀ àti owó ìrẹsì sì ti ń bá owó ẹ̀bùn du àpò kan náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì oṣù náà ni ó dára, nígbà tí owó oṣù Kọkànlá kò tíì tán lọ́wọ́. Àwọn kan á ní Sátidé ni kí ẹ mú. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé òde ìgbéyàwó ni ó ń jẹ Sátidé oṣù Kejìlá ní Ìbàdàn, ẹni tí ó bá sì ti wọ aṣọ ẹbí jáde, ilẹ̀ á ṣú kí ó tó ráyè ọjà. Ẹ mú ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, láti agogo mọ́kànlá títí di agogo méje alẹ́. Tọkọtaya àti ọmọ á ti ṣọ́ọ̀ṣì yà síbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí náà á sì wà nílé lọ́jọ́ ìsinmi.

Kí ẹ tó san owó ibi tí ẹ ó lò, ẹ lọ dúró níbẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń ta sí. Ẹ ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi wò bóyá omi ń jáde, ẹ sì wo ibi tí ọkọ̀ á dúró sí, nítorí ẹni tí kò bá rí ibi gbé ọkọ̀ sí yóò wakọ̀ lọ, kò sì ní padà. Bí ó bá jẹ́ ìta gbangba ni, ọyẹ́ ń bẹ lọ́nà: afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè ṣí àtíbàbà tí wọn kò so dáadáa, eruku rẹ̀ sì máa ń bà sórí ọjà funfun. Kí ẹsẹ̀ àtíbàbà kọ̀ọ̀kan ní àpò iyanrìn tí ó dì í mọ́lẹ̀, kí olúkúlùkù ọlọ́jà sì mú aṣọ méjì tí yóò fi máa nu eruku wá.

Ó wá kan owó. Ọ̀pọ̀ olùṣètò ló máa ń wo iye tí ẹlòmíràn ń gbà lórí ìsọ̀, tí wọ́n sì ń mú un bẹ́ẹ̀. Ìnáwó yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: ká ní gbọ̀ngàn jẹ́ náírà 300,000, àtíbàbà, tábìlì àti àga 150,000, jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀ 120,000, àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn tí yóò gbálẹ̀ 80,000, ìkéde 100,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 750,000. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn 75,000, lé e fún ohun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀, torí pé wáyà kan yóò jó, ẹnìkan yóò sì gbàgbé okùn. Ó di 825,000. Bí ibẹ̀ bá gba ìsọ̀ 30, ẹ má pín in sí ọ̀nà 30. Ẹ pín in sí 25, nítorí pé àwọn kan yóò yẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìsọ̀ kan wá di náírà 33,000. Bí gbogbo ọgbọ̀n bá san, 990,000 ni yóò wọlé, tí 165,000 yóò sì ṣẹ́ kù fún yín. Bí 25 péré bá san, ẹ kò jẹ gbèsè.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ìṣirò náà padà kí ẹ fi ojú ọlọ́jà wò ó. Bí èrè obìnrin kan lórí ẹ̀gbà ọwọ́ kan bá jẹ́ náírà 1,500, ó gbọ́dọ̀ ta 22 kí owó ìsọ̀ nìkan tó padà, kí á má tíì sọ ti owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Ṣé èrò tí ẹ ń retí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bí ìdáhùn yín bá ń mì, ẹ dín gbọ̀ngàn kù tàbí kí ẹ wá ọgbà ilé ìwé tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Mo mọ àwọn olùṣètò tí wọ́n ń gba ìdá kan lára ohun tí ọlọ́jà bá tà dípò owó ìsọ̀. Lórí bébà, ó jọ àánú. Ní ìrọ̀lẹ́, ó di pé ẹ ń bi àgbàlagbà léèrè iye tí ó tà, òun náà sì ń ronú ohun tí ó máa sọ. Iye kan pàtó ni kí ẹ mú, kí ìdajì rẹ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ìyókù sì pé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí ó bá yẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan báyìí kò ní gba owó rẹ̀ padà. Ọ̀rẹ́ ni yín o, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ gan-an ni ìwé yìí ń dáàbò bò.

Nínú yíyan ọlọ́jà ni ọjà ẹ̀bùn ti ń yẹ tàbí kí ó bàjẹ́. Ẹ̀yin méje ni ẹ ń bẹ̀rẹ̀, bí mẹ́rin nínú yín bá sì ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò kọ́kọ́ máa du oníbàárà mọ́ ara yín lọ́wọ́. Nínú ìsọ̀ 30, kí oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà má ju mẹ́ta lọ. Ẹ wá agbẹ́gbá láti Ọ̀yọ́, aladìrẹ láti Abẹ́òkúta, amọ̀kòkò láti Ìlọrin, ẹni tí ń ṣe ọṣẹ dúdú àti òrí, ẹni tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ẹni tí ó bá ń ta oúnjẹ tí a ti dì, tàbí ọṣẹ àti ìpara inú ike, kí ó fi nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ hàn yín kí ẹ tó gba owó rẹ̀. Ẹ tún wo iye owó ọjà wọn. Kí ohun tí kò ju náírà 2,000 lọ wà, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá láti fún. Kí ohun tí ó wà láàárín 5,000 sí 15,000 sì jẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ìdílé máa ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Nínú ọjà kan tí mo bá wọn ṣètò, èmi ni mo ya àwòrán ibi tí olúkúlùkù yóò jókòó sí, mo sì fi aladìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ alákàrà nítorí pé orúkọ wọn tẹ̀ léra nínú ìwé mi. Kí ó tó di agogo méjì, aṣọ aláró tí ìyá náà tò gẹ́gẹ́ lórí okùn ti ń rùn bí òróró àkàrà. Oníbàárà kan gbé ọ̀kan sí imú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rọra dá a padà. Ìyá náà kò bá mi jà. Ó kàn wò mí. Láti ọjọ́ náà, apá ibi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ kúrò lọ́dọ̀ ọjà ni mo máa ń fi àwọn olóúnjẹ sí, wọn a sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tí ń lọ jẹun lè gba iwájú ìsọ̀ gbogbo kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ̀yìn ilé ni ibùjókòó rẹ̀. Kí àlàfo tí èrò ń gbà fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, kí ìyá tí ó pọn ọmọ lè dúró wo ọjà láìsí pé wọ́n ń fi èjìká gbún un.

Ní ọjà yẹn kan náà, agbẹ́gbá kan wà tí kò pariwo rárá. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi igbá sáàárín orúnkún, ó sì ń fi ọ̀bẹ kékeré fín alángbá sí i lára, tí èèpo igbá ń já sílẹ̀ wínníwínní sórí aṣọ tí ó tẹ́ sí ẹsẹ̀. Àwọn ọmọdé yí i ká. Àwọn òbí wọn kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá ra igbá, yóò bi í léèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún, yóò sì fín in sí ìdí rẹ̀. Igbá kò ṣẹ́ kù lórí tábìlì rẹ̀ nígbà tí a ń tú àtíbàbà. Ẹ sọ fún gbogbo ọlọ́jà yín tí iṣẹ́ wọn ṣeé ṣe níta pé kí wọ́n máa ṣe é lójú èrò. Ẹ̀yin náà, Olùkọ́, ẹ gbé òwú àti abẹ́rẹ́ yín wá.

Ẹ fi tábìlì ìdìpọ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, kí ọ̀dọ́ méjì tí ọwọ́ wọn yá máa di ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rajà, kí wọ́n sì máa fi àjákù adìrẹ tàbí ti ànkárá dípò bébà dídán. Ẹni tí ó bá rí i pé òun lè gbé ẹ̀bùn náà jáde ní dídì tán yóò padà lọ ra èkejì.

Olóòtú, aladìrẹ ni mí ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún tó kọjá, mo san owó ìsọ̀ ní ọjà ẹ̀bùn kan. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n ń ta aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní adìrẹ, ní ìdajì owó tèmi. Àwọn olùṣètò ní àwọn kò lè lé ẹnikẹ́ni. Kí ni kí n ṣe lọ́dún yìí? — Ọmọ aláró, Ìtòkú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Àwọn olùṣètò náà ló jẹ̀bi, nítorí pé ẹni tí ó gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, tí kò sì sọ fún un pé ọjà ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣe òótọ́. Lọ́dún yìí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè iye ènìyàn tí yóò máa ta irú ọjà yín, bóyá iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n gbà láàyè, ibi tí ìsọ̀ yín yóò wà, àti bí wọn yóò ṣe kéde. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, ẹ má bá a lọ.

Ní ti oníbàárà, ẹ má fi ẹnu bú ọjà ẹlòmíràn; ẹ jẹ́ kí aṣọ yín sọ̀rọ̀. Ẹ na ọ̀pá kan, kí ẹ fi aṣọ kan kọ́ ọ, kí ẹ̀yìn aṣọ náà kọjú sí èrò. Adìrẹ tí a rẹ sínú aró gba àwọ̀ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, nígbà tí ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣá bíi pé ó ti pẹ́ lóòrùn. Ẹ gbé ìko àti aṣọ tí ẹ kò tíì tú okùn rẹ̀ sórí tábìlì, ẹ tú ọ̀kan lójú wọn, kí wọ́n rí bí àmì funfun ṣe ń yọ. Bí ẹ bá ní adìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́, ẹ mú ìyẹ́ adìyẹ àti àwo ẹ̀kọ láfún dání. Ẹ sì sọ òtítọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ń fi pamọ́: aró yóò ṣí díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà kí wọ́n dá a fọ̀. Ẹ kọ ìyẹn sórí páálí kékeré kí ẹ so ó mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ kọ́ ni ó ń rà á lọ́wọ́ yín. Bí wọn kò bá sọ fún un, aṣọ funfun rẹ̀ yóò di búlúù, ẹni tí ó fún un ní ẹ̀bùn ni yóò sì gba èébú.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dára kí a jẹ́ kí èrò máa ná ọjà níbi ọjà ẹ̀bùn ìjọ wa, àbí kí a kọ iye owó sílẹ̀? Àwọn àgbà ìjọ ní ọjà tí a kò ná kì í ṣe ọjà. Àti pé lọ́dún tó kọjá, ìsanwó orí fóònù dá wá lóró púpọ̀. — Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, Òṣogbo

Ẹ kọ iye owó sílẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, ti ní kí iye owó ọjà wà níbi tí oníbàárà ti lè rí i, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí ó wúwo jù lójú mi. Ẹni tí ń ra ẹ̀bùn lè wà pẹ̀lú ẹni tí ó fẹ́ fún lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò dúró máa já owó ẹ̀gbà ọrùn lójú ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀? Yóò kọjá lọ ni. Kí àwọn àgbà má bàa sọ pé ẹ ti pa adùn ọjà, ẹ fún àwọn ọlọ́jà ní àyè láti ṣe èènì: ẹni tí ó bá ra mẹ́ta, kí wọ́n fi ọṣẹ kékeré kan lé e. Ìná ọjà dín owó kù, èènì fi ọjà kún ọjà; oníbàárà ọjà ẹ̀bùn fẹ́ràn èkejì jù.

Ti ìsanwó orí fóònù, láti ìgbà ọ̀wọ́n owó bébà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti kó owó rìn mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń kọsẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé bá ń náwó lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì ní báǹkì méjì, kí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà sórí páálí, kí ó má tú ẹrù sílẹ̀ títí owó yóò fi wọ àkáǹtì rẹ̀, nítorí pé àwòrán ìsanwó tí wọ́n fi hàn yín lórí fóònù ṣeé fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣe. Ẹ ní ẹni POS kan nínú ọgbà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ gba owó bébà, kí ìjọ sì ti pààrọ̀ owó kéékèèké sílẹ̀ láti àárín ọ̀sẹ̀. Níkẹyìn, ẹ sọ fún àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n gba pàṣípààrọ̀ láàárín ọjọ́ méje fún ohun tí kò bá ṣe déédéé lára ẹni tí a fún, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn sínú ọ̀rá.

Mo ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ ṣe irú ọjà yìí nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí n sì kó ọṣẹ dúdú wá láti ilé. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí mo ní láti ṣọ́ra fún? — Ọmọ Èkìtì lókè òkun

Ohun mẹ́ta ni. Bí ẹ bá fẹ́ ta ọtí tàbí kí ẹ gbé eré sórí ìtàgé, ó ṣeé ṣe kí ẹ nílò ìwé tí wọ́n ń pè ní Temporary Event Notice, èyí tí ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ káńsù ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú, tí iye ènìyàn kò sì gbọ́dọ̀ ju 499 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí yóò máa ta oúnjẹ déédéé, àní láti inú ilé ìdáná rẹ̀, gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù ní ọjọ́ 28 ṣáájú. Ọṣẹ dúdú ni ó le jù: lábẹ́ òfin wọn, ohun ìpara àti ọṣẹ ìwẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò ààbò láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ náà, àti ẹnìkan tàbí ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ náà tí òfin mọ̀ pé òun ni ó dúró fún un. Bí ìyá yín ní Èkìtì bá dì í sínú ewé ránṣẹ́ sí yín, ẹ fi wẹ̀ o, ẹ má gbé e sórí tábìlì. Ẹ wá ẹni tí ó ti ṣe ìwé tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, kí ẹ fún un ní ìsọ̀ tí ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà.